Ẹyẹ Etí Odò Gámbíà: Láti Ojú Ìbọn dé Ojú Kámẹ́rà

Ẹyẹ kékeré kan wà ní ìlú Basse, létí odò Gámbíà, tí àwọn ènìyàn máa ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wọ bàálù wá wò. Kò tó àdàbà lára. Orí rẹ̀ dúdú, ìlà funfun kan gba òkè ojú rẹ̀ kọjá dé ẹ̀yìn ọrùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú, ikùn rẹ̀ sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá na ìyẹ́ láti fò, funfun àti dúdú á yọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní Egyptian plover, ìyẹn ni pé ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹyẹ náà ti pòórá ní Íjíbítì tipẹ́tipẹ́. Etí àwọn odò tiwa ló kù sí: odò Sẹ̀nẹ̀gàl, odò Gámbíà, odò Ọya, odò Benue, títí lọ dé apá Etiópíà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ń fi hàn wá pé àwọn tó kọ ìwé nípa ẹyẹ ilẹ̀ wa, ẹnu ọ̀nà tiwọn ni wọ́n dúró sí tí wọ́n fi ń wò wá. Ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ẹyẹ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ibi tó ń gbé kò sì yí orúkọ náà padà. Bí a bá tẹ̀ lé ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wo ẹyẹ lójú odò Gámbíà láti nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé ohun èlò tí wọ́n fi ń wò ó yí padà lẹ́ẹ̀mẹta: ìbọn, lẹ́yìn náà awò tí ń fa ohun jíjìn súnmọ́ni, lẹ́yìn náà kámẹ́rà. Ohun kan ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó mọ ibi tí ẹyẹ wà, tó tu ọkọ̀ dé ibẹ̀, tó nawọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé.

Kí ló dé tó jẹ́ odò yìí? Orí òkè Fouta Djallon ní orílẹ̀-èdè Gínì ni ó ti ṣàn wá, ó gba Sẹ̀nẹ̀gàl kọjá, ó sì já sí òkun Àtìláńtíìkì ní Banjul. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 1,120 kìlómítà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí omi òkun fi máa ń wọ inú odò lọ jìnnà, ju 150 kìlómítà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, apá ìsàlẹ̀ odò jẹ́ omi iyọ̀, pẹ̀lú igbó àwọn igi tí gbòǹgbò wọn yọ síta nínú ẹrẹ̀, tí ẹja àti akàn ń sá sí abẹ́ rẹ̀. Apá òkè jẹ́ omi dídùn, pẹ̀lú oko ìrẹsì, igi ńláńlá àti yanrìn tó máa ń yọ síta bí omi bá fà. Bí òtútù bá dé sí Yúróòpù, àìmọye ẹyẹ á gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà wá síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Niger nìkan ní Nàìjíríà tóbi ju gbogbo orílẹ̀-èdè Gámbíà lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, síbẹ̀ irú ẹyẹ tí a ti rí ní Gámbíà ju 500 lọ.

Ojú ìbọn

Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa odò yìí kò wá nítorí ẹyẹ. Wúrà ni Richard Jobson ń wá nígbà tó tu ọkọ̀ wọ odò náà ní 1620 sí 1621. Ìwé tó gbé jáde ní 1623 sọ̀rọ̀ nípa ọjà, ìlú, ẹranko àti ẹyẹ pọ̀. Francis Moore, tó ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ olókòwò ẹrú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ láti 1730, tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní 1738. Lójú irú àwọn ènìyàn báyìí, ẹyẹ jẹ́ ohun ìyanu ojú ọ̀nà, tàbí ohun tí a ó sè jẹ.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló sọ ẹyẹ di ohun ìwádìí, ìbọn sì ni irinṣẹ́ ìwádìí náà. Kò sí awò tó dára tó nígbà náà, kò sì sí kámẹ́rà tó lè mú ẹyẹ tó ń fò. Lójú onímọ̀ ayé ìgbà yẹn, ẹyẹ tí kò bá tíì dé orí tábìlì, a kò tíì rí i. Wọn á yìnbọn fún un, wọn á bó awọ rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́, wọn á ki òwú sínú rẹ̀, wọn á so páálí mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á sì kó o lọ sí ilé àkójọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Bálínì. Páálí náà máa ń sọ ibi tí wọ́n ti pa á, ọjọ́ tí wọ́n pa á, àti orúkọ òyìnbó tó kó o jọ. Kì í sábà sọ orúkọ ọdẹ tó mọ ibi tí ẹyẹ náà ń sùn.

Ẹ jẹ́ ká wo John Samuel Budgett. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ nípa ẹranko ni, láti Cambridge. Ẹja ló tìtorí rẹ̀ wá, ẹja àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Polypterus, tí àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ bí ẹyin rẹ̀ ṣe ń di ọmọ. Erékùṣù MacCarthy, tí a mọ̀ lónìí sí Janjanbureh, ló fi ṣe ibùdó. Bí ó ti ń wá ẹja ni ó ń kó ẹyẹ jọ, àròkọ rẹ̀ nípa ẹyẹ odò Gámbíà sì jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Ibis ní 1901. Kò rí ẹyin ẹja tó ń wá ní Gámbíà. Ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ní agbègbè ẹnu odò Ọya, ló ti rí i ní 1903. Ó padà sílé pẹ̀lú àìsàn, ó sì kú ní oṣù Kìn-ín-ní 1904. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí ẹni tó ṣe é, ó sì yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí òyìnbó tó lè dá rí ẹyin ẹja nínú irà láìjẹ́ pé apẹja ibẹ̀ fi hàn án.

Láìpẹ́ sí àkókò Budgett ni Emilius Hopkinson dé, dókítà tó di alákòóso agbègbè fún ìjọba amúnisìn. Ó pẹ́ ní Gámbíà, ó gbọ́ èdè Mandinka, ó tún kọ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ èdè náà. Òun fẹ́ràn ẹyẹ láàyè, ṣùgbọ́n inú àgò ló fẹ́ràn wọn sí. Ìwé rẹ̀ tó gbajúmọ̀, tó jáde ní 1926, àkójọ àwọn ẹyẹ tó ti yé, tó ti pa, tó sì ti tọ́ ọmọ nínú àgò ni.

Kò yẹ ká kàn bú àwọn ará ìgbàanì yìí. Awọ ẹyẹ tí wọ́n kó lọ wúlò títí di òní, nítorí páálí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé irú ẹyẹ báyìí wà ní ibi báyìí ní ọdún báyìí. Ẹ fi kókó yẹn sọ́kàn. Ọjọ́ àti ibi: ohun tó sọ òkú ẹyẹ di ẹ̀rí nìyẹn, òun náà ló sì ń sọ fọ́tò di ẹ̀rí.

Ojú awò

Odò kékeré kan wà ní Abuko, kò jìnnà sí Banjul. Ní 1916, ìjọba amúnisìn fi ọgbà yí orísun omi ibẹ̀ ká kí àwọn ará ìlú lè rí omi mímu. Kò sẹ́ni tó ń ro ti ẹyẹ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọgbà omi yẹn ló gba igbó náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé gbogbo igi àyíká rẹ̀ fún igi ìdáná àti oko. Ní 1967, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó kan tó ń jẹ́ Eddie Brewer wọ ibẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àmọ̀tẹ́kùn kan tó ń pa ẹlẹ́dẹ̀, ó sì bá igbó tí kò rò pé ó kù ní Gámbíà. Ó bẹ ìjọba, wọ́n sì kéde Abuko gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú ẹranko ní 1968. Igbó tó jẹ́ nǹkan bí 100 hẹ́kítà ni ìdáàbòbò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì mìíràn ṣẹlẹ̀ ní àkókò yẹn. Ní 1965, ọdún tí Gámbíà gba òmìnira, ará Swídìn kan tó ń jẹ́ Bertil Harding bẹ̀rẹ̀ sí í kó arìnrìn-àjò afẹ́ wá sí etí òkun ibẹ̀. Wọ́n ń sá fún òtútù ni. Ní 1977, Ààrẹ Dawda Jawara gbé ìkéde Banjul jáde, pé orílẹ̀-èdè náà yóò dáàbò bo ẹranko àti ewéko tó kù nínú rẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Dókítà ẹranko ni Jawara kó tó di olóṣèlú, ó mọ ohun tó ń sọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni òfin ìtọ́jú ẹranko jáde.

Báyìí ni ẹyẹ láàyè ṣe wá níye lórí ju òkú rẹ̀ lọ. Àwọn àlejò etí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé awò kọ́rùn. Lórí afárá Kotu, níbi tí odò kékeré kan ti gba àárín àwọn hòtẹ́ẹ̀lì já sí òkun, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró dè wọ́n. Àwọn ọmọ yìí ti mọ ẹyẹ tẹ́lẹ̀: èyí tó ń jẹ ìrẹsì, èyí tí ń pa ẹja, èyí tí igbe rẹ̀ ń sọ pé òjò ń bọ̀. Orúkọ tí àlejò ń pè é nìkan ni wọn kò tíì mọ̀. Wọ́n kọ́ ọ. Ìwé tó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ gidi ni èyí tí Clive Barlow, Tim Wacher àti Tony Disley ṣe lórí ẹyẹ Gámbíà àti Sẹ̀nẹ̀gàl, tó jáde ní 1997 pẹ̀lú àwòrán ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ìwé náà àti awò kan lè fi iṣẹ́ amọ̀nà bọ́ ìdílé.

Ẹ má sì rò pé iṣẹ́ yìí rọrùn. Ẹ wo ti Tendaba, ní àárín odò, níbi tí ọkọ̀ ti máa ń wọ àwọn ẹsẹ̀ odò tí wọ́n ń pè ní bolong. Atukọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Bí omi bá kún jù, ẹrẹ̀ á bò mọ́lẹ̀, àwọn ẹyẹ tí ń jẹun nínú rẹ̀ á sì kúrò. Bí ó bá fà jù, ọkọ̀ á jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì níbi tó yẹ, kí omi fúnra rẹ̀ máa gbé ọkọ̀ lọ, kí ẹyẹ tó ń sùn lábẹ́ ewé má baà gbọ́ ariwo. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. Bàbá ló ń kọ́ ọmọ.

Ojú kámẹ́rà

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Kearton ti tẹ ìwé ìtẹ́ ẹyẹ tó kún fún fọ́tò jáde ní 1895, pẹ̀lú kámẹ́rà tó wúwo bí àpótí. Ó pẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó wọ́pọ̀ lójú odò wa. Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù mọ́ ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Láyé fíìmù, fọ́tò 36 péré ni ènìyàn lè yà kó tó pààrọ̀ fíìmù. Lónìí, ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ lè ya ẹgbẹ̀rún kí oòrùn tó mú.

Ohun tí kámẹ́rà ń béèrè yàtọ̀ sí ti awò. Ẹni tó mú awò dání á ní, “Mo ti rí i,” inú rẹ̀ á dùn, ó parí. Ẹni tó mú kámẹ́rà ń fẹ́ kí ẹyẹ súnmọ́ tòsí, kí oòrùn wà lẹ́yìn òun, kí ẹ̀ka igi má dí ojú ẹyẹ. Amọ̀nà wá ní láti di ẹni tó mọ ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Àǹfààní wà níbẹ̀, ewu náà sì wà. Àwọn kan ń fi ohùn ẹyẹ tí a ti gbà sórí fóònù tan akọ ẹyẹ jáde léraléra, títí tí yóò fi gbàgbé oúnjẹ àti ìtẹ́. Àwọn kan ń súnmọ́ ògiri yanrìn tí àwọn ẹyẹ tí ń pa oyin jẹ gbẹ́ ihò wọn sí, tí ìyá kò fi ní lè wọlé lọ bọ́ ọmọ. Bí oníbàárà bá ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ọkọ̀ tún súnmọ́ sí i, ó ṣòro fún amọ̀nà tó ń retí owó láti sọ pé rárá. Ìgboyà láti sọ ọ́ jẹ́ ara iṣẹ́ náà.

Kámẹ́rà tún ní ohun mìíràn tó ń ṣe: ó ń bi ìtàn àtẹnudẹ́nu ní ẹ̀rí. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹyẹ Basse. Herodotus, ará Gíríìsì, kọ ọ́ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn pé ẹyẹ kan wà tí ń wọ ẹnu ọ̀nì lọ ṣa eṣúṣú jẹ, tí ọ̀nì kì í sì í pa á lára. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún so ìtàn náà mọ́ ẹyẹ yìí, wọ́n sì ń tún un sọ títí ó fi wọ ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Lónìí, kámẹ́rà wà létí odò láti Sẹ̀nẹ̀gàl dé Etiópíà, síbẹ̀ kò tíì sí fọ́tò kan tó ṣe é gbà gbọ́ tó fi ẹyẹ yìí hàn lẹ́nu ọ̀nì. Ayédèrú ni àwòrán tó ń káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Òótọ́ tó wà lára ẹyẹ náà sì dùn ju irọ́ yẹn lọ. Thomas Howell lọ jókòó tì wọ́n létí odò ní Gambela, Etiópíà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1979. Inú yanrìn àárín odò ni wọ́n ń rì ẹyin wọn sí. Bí oòrùn bá mú gan-an, ìyá tàbí bàbá á lọ rẹ ikùn sínú omi, á padà wá jókòó lórí yanrìn náà kí ẹyin lè tutù. Bí ọmọ bá ti pa tán tí ewu dé, wọ́n á fi yanrìn bo òun náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé etí odò lè rí gbogbo èyí bí ó bá jókòó pẹ́. Ìbéèrè mi ni pé, apẹja mélòó ló ti rí i ṣáájú Howell, tí kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wọn?

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò

Iṣẹ́ amọ̀nà Gámbíà ní àléébù kan: ọ̀nà kan ṣoṣo ni owó ti ń wọlé. Ní oṣù Kọkànlá 1994, lẹ́yìn tí Yahya Jammeh ti fipá gba ìjọba, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ kí wọ́n má lọ síbẹ̀, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì sì dá páropáro. Ní 2014, Ebola jà ní Gínì, Làìbéríà àti Sàró. Kò wọ Gámbíà, síbẹ̀ àlejò kò wá. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2017, Jammeh kọ̀ láti gbé ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì fi bàálù kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò kúrò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ilé-iṣẹ́ Thomas Cook wó lulẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2020, àrùn kòrónà dé. Ẹyẹ kò lọ síbì kankan ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí. Ẹni tó ń sanwó láti wò ó ni kò wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló gbọ́dọ̀ sanwó náà? Ẹni tó ní owó láti ti Èkó, Àkúrà tàbí Àbíjà lọ gbafẹ́ ní Dubai ní owó tó lè gbé e dé Banjul. Ọmọ ilé ni a sì jẹ́ níbẹ̀. Àwọn Aku tó wà ní Banjul títí di òní, púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá wọn jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n gba Freetown dé odò Gámbíà. Ìkíni wa, “ẹ kú”, ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ.

Àwọn ẹyẹ tí a ń pè ní ti Yúróòpù pàápàá, ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò wọn ṣe. Ẹyẹ apẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní osprey parẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, àwọn ará ibẹ̀ sì ná owó àti làálàá kó tó padà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó bá fò dé Gámbíà tàbí Sẹ̀nẹ̀gàl nínú ọdún tí a pa á kì í sábà padà sílé kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Omi wa ló ń kọ́ ọ ní ẹja pípa. Bí irà wa bá gbẹ, kò sí ìtọ́jú tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀ tí yóò tó.

Omi tí a fẹ́ sé

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí nìyí. Ní Sambangalou, lápá òkè odò ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ní tòsí ààlà Gínì, wọ́n ń kọ́ ìsédò tí yóò mú 128 mẹ́gáwáàtì iná jáde fún orílẹ̀-èdè mẹ́rin. Iná yẹn ṣe pàtàkì. Èmi kì í ṣe ara àwọn tó ń fẹ́ kí abúlé wà lókùnkùn nítorí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n bí ìsédò bá ń darí omi, ìgbà tí yanrìn ń yọ síta àti ibi tí omi iyọ̀ ń dé yóò yí padà, ọ̀rọ̀ náà sì kan olóko ìrẹsì bó ti kan ẹyẹ.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Lórí odò Sẹ̀nẹ̀gàl, ìsédò Diama parí ní 1986 láti dènà omi iyọ̀, Manantali tẹ̀ lé e ní Málì ní 1988. Omi dídùn tí kò fà mọ́ mú kí koríko omi bo ojú odò. Djoudj, ibi ìtọ́jú ẹyẹ tí Sẹ̀nẹ̀gàl dá sílẹ̀ ní 1971, tí UNESCO sì gbà sínú ohun àjogúnbá ayé ní 1981, bọ́ sínú ìwé àwọn ibi tó wà nínú ewu láti 2000 sí 2006 nítorí koríko àjèjì kan. Ní Nàìjíríà níbí, ìsédò Tiga tí wọ́n parí ní 1974 wà lára ohun tó dín omi tó ń dé irà Hadejia àti Nguru kù, apẹja, olóko àti darandaran ìsàlẹ̀ odò sì fara gbá a. Nígbà tí wọ́n ń ráhùn, kí ni wọ́n fi lè jẹ́rìí pé báyìí ni ibẹ̀ rí tẹ́lẹ̀?

Níbí ni kámẹ́rà ti di ohun tó ju eré ìtura lọ. Fọ́tò ẹyẹ tó ní ọjọ́ àti ibi lára jẹ́ ìwé ẹ̀rí. Àwọn amọ̀nà Gámbíà ti ń lọ sí ibi kan náà, ní oṣù kan náà, fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sí, wọ́n ní fọ́tò nínú fóònù. Fóònù ń bọ́ sómi, àgbàlagbà ń kú. Ohun tó yẹ ni kí yunifásítì wa lọ bá wọn, kí a sanwó fún àkọsílẹ̀ wọn, kí orúkọ wọn wà lórí rẹ̀, kí a sì kọ orúkọ ẹyẹ náà ní Mandinka, Wolof àti Fúlàní sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A.P. Leventis tó wà ní Amurum lẹ́bàá Jos ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ àkójọ ibùgbé ẹyẹ Nàìjíríà sì ti fi hàn pé ẹni tó ní fóònù lè kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó wúlò fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Nígbà ìbọn, a kò ka ìmọ̀ ọdẹ àti apẹja wa sí nǹkan kan, wọ́n sì kó o lọ láì kọ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ ti àwọn amọ̀nà tó wà láàyè sílẹ̀ kí ìsédò Sambangalou tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba omi dúró.